Ṣé lóòótọ́ ni pé sátẹ́láìtì ń rí gámà tó ń jáde látinú òjò àrá?

Onírédíò_Lágere:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n títúnṣe ni mò ń ṣe ní Lágere n'Ífẹ̀ níbí, ó ti lé lógún ọdún, torí náà ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iná àti mànàmáná ṣàjèjì sí mi o. Ẹni tó bá ti fi rédíò AM gbọ́ ìròyìn rí nígbà òjò mọ̀ pé kí àrá tó dún rárá ni rédíò á ti máa ta pàà-pàà-pàà, bí ìgbà téèyàn ń yan gúgúrú. Ìyẹn yé mi. Iná ńlá ló ṣẹ́ lókè, ó fọ́n ká inú afẹ́fẹ́, áńtẹ́nà gbà á.

Èyí tí ò yé mi lèyí tí ọmọ iṣẹ́ mi gbé dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òjò Ọjọ́bọ̀ yẹn tó rọ̀ mọ́jú, ó ní nígbà tóun ò rí oorun sùn lóun ń tẹ fóònù, lóun wá kà á pé àwọn sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń rí gamma ray, ìtànṣán tí ojú ò rí tó lágbára ju X-ray lọ, tó ń bù yẹ̀rì jáde látinú òjò àrá. Gámà o! Gámà témi mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ń lò ó, àti inú bọ́ǹbù átọ́míìkì. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́, ó ní òun ò parọ́.

Ìbéèrè mi rèé. Omi àti afẹ́fẹ́ ló wà nínú ìkúùkù, ta ló gbé gámà débẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, sátẹ́láìtì tó wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lókè, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ níbí ni nǹkan náà ti wá tí kì í ṣe látọ̀dọ̀ ìràwọ̀? Torí nínú iṣẹ́ tiwa, tí rédíò bá ń kùn, ká tó tú u rárá, a ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí kíkùn yẹn ti ń wá, ṣé jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò ni àbí inú rédíò fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ kó yé ẹni tó mú sukudiráfà lọ́wọ́, ẹ má fi gírámà pa mí.


Òṣómàáló_Gidi:

Ẹ̀gbọ́n, Ṣàngó ló ra ẹ̀rọ X-ray, ẹ ò sì gbọ́ ni 😂😂 Ní Ìlésà níbí, tí àrá bá ti ń sán, ìyá wa àgbà á ní ká fi aṣọ bo dígí, ká má fọwọ́ kan irin, ká má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ ká bo egungun náà mọ́ ọn. Mo ti gbé àga mi síbí, mò ń dúró de àwọn tó mọ̀wé.


Físíìsì_n_Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ iṣẹ́ yín ò parọ́, ẹ fún un lówó búrẹ́dì. Mò ń ṣe másítà nínú físíìsì ní OAU, èyí kọ́ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an ṣùgbọ́n mo ti kà nípa ẹ̀ dáadáa torí ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kejì mú ná, òun lóládùn jù.

Kò sẹ́ni tó rán sátẹ́láìtì níṣẹ́ pé kó lọ wá gámà nínú àrá. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń wá. Àní kó tó kan ìràwọ̀, bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣọ́: Amẹ́ríkà gbé àwọn sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Vela lọ sókè kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò níkọ̀kọ̀, ìgbà tó di 1967 wọ́n rí gámà kan tó bù yẹ̀rì tí ò jọ ti bọ́ǹbù rárá, òkèèrè réré lójú ọ̀run lọ́hùn-ún ni irú ẹ̀ ti ń wá, wọn ò sì sọ fún aráyé títí di 1973. Ìdí irú gámà ti ojú ọ̀run yìí ni wọ́n ń wá nígbà tí NASA gbé Compton Gamma Ray Observatory lọ sókè lọ́dún 1991. Ẹ̀rọ kan wà lára ẹ̀ tó ń jẹ́ BATSE. Ojú mẹ́jọ ló ní, igun kan ojú kan, kí wọ́n lè mọ ìhà tí gámà bá gbà wọlé.

Ẹ wá wò ó. Tí gámà bá wá láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀, àwọn ojú tó kọjú sókè ló máa rí i jù. Àmọ́ àwọn kan ń wá tó jẹ́ àwọn ojú tó kọjú sí ayé wa níbí ló ń rí wọn jù. Ẹ ṣáà fojú inú wo ọdẹ tó gun igi, tó tẹjú mọ́ ọ̀kánkán nítorí àgbọ̀nrín, tó wá gbọ́ pé nǹkan ń fọ́ igi gbígbẹ nídìí igi tóun fúnra ẹ̀ wà. Wọ́n yẹ àwòrán ojú ọjọ́ wò, ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀ ni òjò àrá. Fishman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì NASA kan, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1994.

Ohun mìíràn tó tú u fó ni àsìkò. Gámà ti ojú ọ̀run lè tàn fún sẹ́kọ́ńdù díẹ̀, òmíràn á tó ìṣẹ́jú kan. Ti àrá yìí, tẹ́ ẹ bá gé sẹ́kọ́ńdù kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, inú ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ti parí. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ ó ti lè wáyé nígbà ọgọ́rùn-ún. Ó sì tún gbóná: hóró gámà kan nínú ẹ̀ lè lágbára tó igba ìlọ́po ti X-ray tí wọ́n fi ń ya àyà ní ọsibítù, sátẹ́láìtì RHESSI tó lọ sókè lọ́dún 2002 ló jẹ́ kíyẹn hàn kedere.


Tíṣà_Òkèsà:

Àbúrò, o ṣeun, o mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n o fo ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bọ̀ọ̀dá bi ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ìpìlẹ̀. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní Ìlésà, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Bọ̀ọ̀dá, omi nìkan kọ́ ló wà nínú ìkúùkù òjò. Yìnyín wà níbẹ̀. Àwọn kan wúwo, wọ́n ń já bọ̀, àwọn wẹ́wẹ́ kan fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé wọn gòkè, wọ́n wá ń ha ara wọn lọ́nà, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́ tó ń ta ṣáṣáṣá lára yín. Báyìí ni òkè ìkúùkù á ṣe di pọ́sítíìfù, àárín ẹ̀ á di nẹ́gẹ́tíìfù, ó di bátìrì ràgàjì tó dúró lóòró. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ iye fólítì tó lè wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú hóró sáré wà ní CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára nínú OAU tiyín níbẹ̀ yẹn, tó jẹ́ pé ìlú mélòó ló ní irú ẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, fólítì mílíọ̀nù 1.7 lagbára tiẹ̀. Òjò àrá kan tó jà ní Ooty nílẹ̀ Íńdíà lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2014, àwọn tó wọ̀n ọ́n ní bílíọ̀nù 1.3 ni. Bílíọ̀nù o.

Ó wá ku ẹni tó máa sáré nínú ẹ̀. Àwọn hóró kan ń rọ̀ sílẹ̀ látojú ọ̀run lójoojúmọ́, wọ́n ń gba orí wa kọjá báyìí tí mò ń tẹ̀wé yìí, àwọn ló máa ń gbá electron kan, hóró bíńtín nẹ́gẹ́tíìfù inú átọ́ọ̀mù, jáde lára afẹ́fẹ́ nínú ìkúùkù tó sì ti ń sáré kíkankíkan látìbẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ fà á sẹ́yìn bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ yìí yàtọ̀, bí electron bá ṣe ń yára sí i náà ni ẹrẹ̀ ò ṣe ní lè dì í mú mọ́, bátìrì yẹn á wá máa tì í lẹ́yìn títí á fi fẹ́ẹ̀ sáré tó ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. C.T.R. Wilson, ọmọ Skọ́tíláǹdì kan, ti sọ ọ́ lọ́dún 1925 pé ó lè ṣẹlẹ̀, nígbà tẹ́nì kankan ò tíì mọ sátẹ́láìtì. Bó ṣe ń sáré yẹn, á kọlu electron mìíràn, ìyẹn náà á gbéra, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, kó tó dókè wọ́n ti di àìmọye.

Gámà wá jáde látara búrẹ́kì. Ẹ ti rí ọlọ́kadà tó ń fò bọ̀ látòkè tó wá bá kòtò, tó tẹ búrẹ́kì lójijì, tí iṣu tó dè sẹ́yìn fò kọjá lórí ẹ̀ lọ síwájú? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Electron tó ń sáré báyẹn, tó bá kọjá létí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, á fà á, á yí ọ̀nà ẹ̀ po, á dín eré ẹ̀ kù, agbára tó pàdánù ló máa fò jáde bíi gámà. Bí ẹ̀rọ X-ray ọsibítù ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́, inú páìpù kékeré ló ti ń ṣe tiẹ̀ ni, àrá sì ń ṣe tiẹ̀ nínú ìkúùkù tó ga ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Òṣómàáló, àwàdà tó o ṣe yẹn fẹ́ jóòótọ́ o, Ṣàngó ní X-ray!


Òṣómàáló_Gidi:

Haa, Tíṣà, ẹ ti pa mí, iṣu ọlọ́kadà 😂 Ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ kọ́ mi ní físíìsì, bóyá ǹ bá má gba F9. Ṣé gbogbo mànàmáná ló ń ṣe báyìí ṣá?


Alájé_Mayfair:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé tí wọ́n máa ń yọjú wo òjò lójú fèrèsé. Ṣé gámà yìí ò lè ṣe èèyàn ní jàǹbá? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá jọ̀ọ́.


Tíṣà_Òkèsà:

Màmá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ibi tó ti ń jáde lókè lọ́hùn-ún títí dé Mayfair, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín nípọn tó láti gbé e mì. Ìdí tó fi ṣòro láti rí i látilẹ̀ náà nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ẹni tó wà lókè ló ń rí i, torí afẹ́fẹ́ tó kù lórí ìkúùkù fẹ́lẹ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ lè kàn bí wọ́n bá kó sínú ẹ̀ gan-an, awakọ̀ òfuurufú kì í sì í mọ̀ọ́mọ̀ wọnú òjò àrá. Mànàmáná ni kẹ́ ẹ bá àwọn ọmọ yẹn sọ, wọn ò gbọdọ̀ sá sábẹ́ igi, wọn ò gbọdọ̀ wà lórí pápá bọ́ọ̀lù.


Alájé_Mayfair:

A dúpẹ́ o Tíṣà. Mo ti pa fèrèsé ṣá.


Onírédíò_Lágere:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Tíṣà, búrẹ́kì yẹn wọlé sí mi lára. Àmọ́ àbúrò oní-másítà, mo fẹ́ mú ọ níbì kan. O ní inú ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù ló ti ń parí. Ẹ̀rọ wo ló lè ka nǹkan tó yára tóyẹn? Èmi mọ̀ pé tí sígínà bá ń wọlé léra-léra jù, sákíìtì ò ní rí èkejì, á rò pé ẹyọ kan ni. Àbí tiwọn ò ń ṣe bẹ́ẹ̀?


Físíìsì_n_Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n!! Ẹ̀yin náà lẹ yẹ kẹ́ ẹ wá ṣe másítà yìí. Ó ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì dà wọ́n láàmú fún ọdún púpọ̀.

Ojú ẹ̀rọ yẹn, kírísítálì ni, irú iyọ̀ kan ni wọ́n fi ṣe é, sodium iodide. Tí gámà kan bá kọlù ú, á tan yanran, ìmọ́lẹ̀ bíńtín, ohun kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ yẹn di iná mànàmáná, sákíìtì á wá kà á ní ẹyọ kan. Tí èkejì bá dé nígbà tí sákíìtì ṣì ń ka tàkọ́kọ́, ó ti lọ nìyẹn. Bí àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì pápá bọ́ọ̀lù, tí èrò bá ń wọlé lẹ́yọ-lẹ́yọ wọ́n á kà á pé, àmọ́ kí èèyàn àádọ́ta ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ogún ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Torí náà gámà àrá tó lágbára jù gan-an ni wọ́n ń kà ní àkàkù.

Ti BATSE tiẹ̀ burú jù, torí ìràwọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kó tó lè ta jí, ó máa ń kó gbogbo gámà tó bá wọlé láàárín 64 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù jọ, á wá bi ara ẹ̀ pé ṣé èyí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gámà àrá á ti wọlé, á ti jáde, á ti di ẹ̀ka kékeré nínú àkójọ yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò lókè kí wọ́n tó já a bọ́ sínú òkun lọ́dún 2000, èyí tó rí nínú irú ẹ̀ ò tó ọgọ́rin.

Fermi, sátẹ́láìtì NASA mìíràn, ló yí i padà. Ọdún 2008 ló lọ sókè, ojú sodium iodide méjìlá ló ní lára ẹ̀rọ GBM ẹ̀, ó tún ní méjì tí wọ́n fi nǹkan tó wúwo jùyẹn ṣe fún gámà tó gbóná. Ẹ̀rọ náà tún wà fún ìràwọ̀ o, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n ní kó má fúnra ẹ̀ dá ìdájọ́ mọ́, kó máa fi àsìkò hóró gámà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i, kí kọ̀ǹpútà ilẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Aago tiẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun méjì tí ò ju ìdá méjì nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù síra wọn lọ. Iye tí wọ́n ń rí fò sókè ní bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwé tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí, láti oṣù Keje 2008 sí oṣù Keje 2016, gámà àrá 4,144 ló wà níbẹ̀.

Òṣómàáló, mi ò gbàgbé ẹ. Rárá, kì í ṣe gbogbo mànàmáná. Mànàmáná bíi 44 ló ń kọ lágbàáyé ní sẹ́kọ́ńdù kan, ṣe ìṣirò ẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Ti gámà tí àwọn Fermi fojú bù ni bíi 1,100 lójúmọ́. Ìwọ bá mi pín in.


Òṣómàáló_Gidi:

Mo pín in, ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé. Ìyẹn ni pé mànàmáná tó bá ṣe gámà, olóyè ni láàárín wọn.


Tíṣà_Òkèsà:

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un kí àwọn ọmọ má baà kà á ní àkàkù. Ohun tí wọ́n ń rí látinú sátẹ́láìtì yẹn, èyí tó lágbára tó láti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn o. Lọ́dún 2023, NASA gbé ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ ER-2, tó ń fò ní bíi ogún kìlómítà, ó gbéra ní Florida, ó ń rìn lórí òjò àrá lójú òkun, wọ́n wá rí i pé ìkúùkù míì á máa tàn gámà wẹ́wẹ́ fún ìgbà pípẹ́, á máa ṣẹ́jú pẹ́pẹ́pẹ́, tí sátẹ́láìtì ò sì rí ìkankan nínú ẹ̀. Torí náà 1,100 yẹn, ẹ má mú un bíi Bíbélì.


Físíìsì_n_Ifẹ̀:

Òótọ́ ni, Mà. Ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Onírédíò, mo fi èyí tó kàn yín jù pa mọ́ dẹ̀yìn. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó ti wá. Sátẹ́láìtì lè sọ pé "ìsàlẹ̀ ni," àmọ́ ìsàlẹ̀ yẹn fẹ̀, tí Fermi bá wà lókè orí Ifẹ̀ ní kìlómítà 565, ó lè jẹ́ Ifẹ̀, ó lè jẹ́ Kòtònù, ó lè jẹ́ Àbújá. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ojú ibẹ̀ gan-an ni pàà-pàà inú rédíò yín yẹn! Ìjọ àwọn ibùdó kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní WWLLN, Yunifásítì Washington ló ń bójú tó o, áńtẹ́nà ni wọ́n ní tó ń gbọ́ rédíò tó rẹlẹ̀ ju AM yín lọ dáadáa. Mànàmáná tó bá kọ, rédíò ẹ̀ á máa rìn láàárín ilẹ̀ àti òkè òfuurufú, á dé ibùdó tó jìnnà tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Tí ibùdó bíi márùn-ún bá gbọ́ ọ, kálukú pẹ̀lú àsìkò tiẹ̀, wọ́n á ṣírò ibi tó ti kọ. Wọ́n á wá bá Fermi sọ pé, ìwọ rí gámà ní aago báyìí, yọ àsìkò tó fi rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ, bíi ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù, àwa náà gbọ́ pàà lásìkò yẹn. Ó ti bá a mu nìyẹn. Nígbà míì gan-an, àwọn electron tó ń sáré yẹn fúnra wọn ló ń dá pàà yẹn sílẹ̀, kì í ṣe mànàmáná lásán. Ìyẹn ni pé ẹ ti lè fi etí yín gbọ́ gámà lórí rédíò rí láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ya èmi lẹ́nu jù kí n tó lọ sùn. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2009, Fermi wà lókè Íjíbítì, gámà bù yẹ̀rì lára ẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀, kò sí òjò kankan. Ibi tí àrá wà nígbà yẹn ni Zambia, bíi kìlómítà 4,500 síbẹ̀, ó ti wọ̀ sísàlẹ̀ ibi tójú sátẹ́láìtì lè rí, gámà ò sì lè yípo ayé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gámà yẹn bí electron àti positron, ìyẹn ìbejì electron tó jẹ́ pé pọ́sítíìfù ni tiẹ̀, àwọn wọ̀nyí wá gba ojú ọ̀nà mágínẹ́ẹ̀tì ayé, wọ́n ń yí lọ lórí ẹ̀ láti Zambia títí wọ́n fi kan Fermi ní Íjíbítì. Positron tó bá pàdé electron, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, gámà tó máa jáde ní iye agbára kan pàtó tí ò ṣeé ṣì mọ̀, 511 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára hóró). Iye yẹn ni wọ́n rí. Àwọn tó kọjá lọ tún dé ibì kan tí mágínẹ́ẹ̀tì le jù, ó dá wọn padà, wọ́n tún wá kọlu Fermi lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn 23 nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù. Àrá Zambia lo positron lu sátẹ́láìtì ní Íjíbítì nígbà méjì!


Onírédíò_Lágere:

Mo ka tìkẹyìn yẹn sókè fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan gbàgbé tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ó dáa, ọmọ iṣẹ́ mi ti ń gbèrò. Ó ní ká gbé rédíò AM kan sílẹ̀ láàárín ìkànnì méjì tí ò ti sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, ká máa kọ àsìkò pàà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ká wá bá ìwé Fermi mu. Ṣé ó lè bọ́ sí i?


Físíìsì_n_Ifẹ̀:

Ìwé Fermi wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó, kò gba owó. Ọ̀nà tí Fermi ń gbà yípo, kò kọjá bíi 26 dígíríì sí ìlà agbedeméjì ayé, Ifẹ̀ wà ní 7 àtààbọ̀, nítorí náà ó ń gba àdúgbò wa kọjá dáadáa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń lò lókè wa nígbà kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá, ìṣẹ́jú 96 ló fi ń yípo ayé, àrá gbọ́dọ̀ sán ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kó sì jẹ́ olóyè Òṣómàáló. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé náà ò lè yára tó. Ẹ so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, kó máa gba ohùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá aago GPS, torí aago fóònù lásán lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ fi àsìkò ránṣẹ́ sí mi tẹ́ ẹ bá rí òjò tó le, màá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.


Onírédíò_Lágere:

Aago GPS, màá bá àwọn tó ń tú fóònù bàjẹ́ tà sọ̀rọ̀ lọ́la. Kọ̀ǹpútà ń bẹ.


Òṣómàáló_Gidi:

Ẹ̀gbọ́n, rédíò bàbá mi àtijọ́ kan wà nílé ní Ìlésà, AM nìkan ló ń gbé, ó ń kùn hùùù láti bí ọdún méjì. Ṣé kí n gbé e wá?


Onírédíò_Lágere:

Gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ ló ń padà sí o, iṣẹ́ ti bá a.